Míkísà Tí Bàbá Ọkọ Mi Rà

Inú ń bí mi títí di òní, n kò sì ní díbọ́n fún yín. Àwọn obìnrin àdúgbò wa ní Veles máa ń sọ fún mi pé tí ìgbéyàwó bá ti wáyé, ìjà ti tán nìyẹn, kí n gbàgbé. N kò gbàgbé. Mo fẹ́ràn ọkọ mi, mo sì ń bínú sí i, méjèèjì ń gbé inú mi pọ̀ láìdí ara wọn lọ́wọ́. Ẹni tó bá rò pé ọ̀kan gbọ́dọ̀ lé èkejì jáde, kò tíì fẹ́ ọmọ onífèrè rí.

Dafina ni orúkọ mi. Iṣẹ́ ohùn ni mo kọ́. Ọdún mẹ́fà ni mo fi jókòó nídìí míkísà ní ilé iṣẹ́ rédíò kan ní Skopje, olú-ìlú wa, níwájú pátákó oníbọ́tìnnì tí ohùn gbogbo máìkì ń wọ̀, tí èmi á sì pinnu èyí tó máa ròkè àti èyí tó máa wálẹ̀. Àwọn ọkùnrin tó bá wọlé á kọ́kọ́ bi mí pé ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ dà. Mo ti bá irú ìbéèrè yẹn jà títí ó fi sú mi.

Ọjọ́ ọdún Jọ́ọ̀jì Mímọ́ ni mo rí Pande fún ìgbà àkọ́kọ́, ní abúlé kan lẹ́bàá Negotino. Wọ́n gbà mí láti wá tún ohùn ṣe fún àwọn ẹgbẹ́ olórin tó fẹ́ ṣeré. Bí ẹgbẹ́ tirẹ̀ ṣe sinmi báyìí, ó sọ̀ kalẹ̀ láti orí pèpéle, ó gbé akọ́díọ̀nù rẹ̀, dùùrù alátẹ̀gùn tí wọ́n ń fà, kọ́rùn bí ẹni gbé ọmọ.

"Àǹtí, ohùn akọ́díọ̀nù mi ò jáde rárá."

"Ó ń jáde. Ìwọ lò ń tẹ̀ ẹ́ jù. Dákẹ́ díẹ̀ kí àwọn èèyàn lè ráyè gbọ́ ọ."

"Ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo ti ń tẹ nǹkan yìí o."

"Ó mà ti rẹ̀ ọ́ nìyẹn. Lọ sinmi."

Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló kó bá mi. Nígbà tó padà gun òkè, ó dákẹ́ níbi tó yẹ kó dákẹ́, ohùn rẹ̀ sì jáde dáadáa. Lẹ́yìn eré, ó wá bi mí bóyá mo ní ẹni tó ń mú mi jẹun. Mo ní ọwọ́ ara mi ni mo fi ń jẹun. Ó ní kí n fún òun ní nọ́ńbà mi bẹ́ẹ̀ náà.

Metodi ni bàbá rẹ̀, ará Kavadarci, afunfèrè kilarinẹ́ẹ̀tì tí gbogbo agbègbè náà mọ̀. Ogójì ọdún ló ti ń fun fèrè níbi ìgbéyàwó, òun ni olórí ẹgbẹ́, òun ló ń yan orin, òun ló ń yan aṣọ, òun ló ń yan ìgbà tí wọ́n máa jẹun. Pande ti pé ẹni ọgbọ̀n ọdún, kò tíì fúnra rẹ̀ yan ẹ̀wù tó máa wọ̀ lọ sóde eré rí. Mo mọ èyí. Mo gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀, mo sì fi rẹ́rìn-ín. Ìyẹn náà wà lára ohun tó ń bí mi nínú.

Ọjọ́bọ̀ ni ọjọ́ wa. Á wọ bọ́ọ̀sì wá sí Skopje, a ó jókòó sí ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́bàá ibùdókọ̀, a ó jẹ burek, páì elépo tí wọ́n fi ẹran sí nínú, a ó sì mu yọ́gọ́ọ̀tì lé e. Àwọn olólùfẹ́ míì máa ń sọ ọ̀rọ̀ ọmọ, wọ́n máa ń sọ ọ̀rọ̀ ilé. Ọ̀rọ̀ míkísà làwa ń sọ. Yàrá ìsàlẹ̀ kan wà nílé bàbá rẹ̀ tí wọ́n máa ń kó àgbá wáìnì sí tẹ́lẹ̀, ògiri òkúta tó nípọn, kò sí ariwo títì níbẹ̀. A fẹ́ sọ ọ́ di sítúdíò. Òun á máa mú àwọn olórin wá, èmi á máa gba ohùn wọn sílẹ̀. Ohun tó kù ni míkísà tí a máa rà.

"Ṣé dandan ni kó tóbi ni?" ló bi mí lọ́jọ́ kan.

"Kì í ṣe ọ̀rọ̀ títóbi. Ẹ̀yin mélòó lẹ wà nínú ẹgbẹ́?"

"Méje."

"Ìlù Spase onílù yín nìkan máa gba máìkì mẹ́rin. Akọ́díọ̀nù rẹ á gba méjì. Olúkúlùkù máìkì gbọ́dọ̀ ní ọ̀nà tirẹ̀ tó máa gbà wọ inú kọ̀ǹpútà, kí n lè mú ọ̀kan láìfọwọ́ kan èkejì. Tí Spase bá ṣi ìlù lù, Spase nìkan ni mo máa tún ṣe."

"Spase kì í ṣì í."

"Tó bá ti mu ife kẹta ńkọ́?"

Ó wo òkè àjà, ó ní, "Kó jẹ́ máìkì mẹ́fà fún ìlù, nígbà náà." Ó di ọwọ́ mi mú lórí bébà tí mo ń yàwòrán sí, epo burek wà lọ́wọ́ wa méjèèjì, inú mi sì dùn dé ibi tí mo fi gbàgbé bọ́ọ̀sì tó yẹ kó wọ̀.

A rìn káàkiri fún oṣù mẹ́rin. Èyí tó bá tuntun, ọ̀nà tirẹ̀ ò pọ̀ tó. Èyí tó bá ní ọ̀nà, ariwo wà nínú rẹ̀ bíi ti ẹ̀fọn. Níkẹyìn a dé Bitola, lọ́dọ̀ bàbá arúgbó kan tó ń jẹ́ Kliment, tó ti fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀. Míkísà tirẹ̀ burẹ́wà, igi ni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, bọ́tìnnì méjì ti kú lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n máìkì mẹ́rìnlélógún ló ń gbà, gbogbo wọn ló sì ní ọ̀nà ìjáde tiwọn. Mo fi ohùn ara mi dán an wò. Ohùn mi jáde bó ṣe rí gan-an, kò fi nǹkan kan kún un. Pande gbé ọwọ́ lé e, ó ní, "Èyí ni." Mo ní kó tún un sọ. Ó ní, "Dafina, èyí ni." Bàbá Kliment ní òun á tọ́jú rẹ̀ dè wá títí ìgbà ìkórè èso àjàrà.

Ó wá ku kí wọ́n wá tọrọ mi. Spase onílù ni wọ́n rán. Ọgbọ̀n ọdún ni Spase ti ń ṣe alárinà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlù lílù, ó sì máa ń sọ pé kò sí ìgbéyàwó tí òun so tó já, àyàfi méjì, àwọn méjèèjì yẹn náà, ẹ̀bi ìyá ọkọ ni. Ó wọ kóòtù, ó wá jókòó ti bàbá mi, Ilko gbẹ́nàgbẹ́nà. Ìyá mi ti kú ní ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn, nítorí náà bàbá mi nìkan ló gba àlejò.

"Ilko, a rí òdòdó kan nílé rẹ, a fẹ́ wá já a."

"Òdòdó yẹn níṣẹ́ lọ́wọ́. N kò fẹ́ràn àwọn olórin, Spase, má bínú. Ìdí tábìlì àsè ẹlòmíì lẹ ń gbé."

"Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ yẹn gan-an la torí ẹ̀ wá. Wọ́n fẹ́ ṣe sítúdíò."

"Kí Metodi wá fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún mi."

Metodi wá lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, pẹ̀lú Lenka ìyàwó rẹ̀, búrẹ́dì àti ìgò rákíyà kan, ọtí líle ilẹ̀ wa. Bàbá mi kò fọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀. Ó bi í pé, "Ta ni yóò jókòó nídìí ẹ̀rọ yẹn nílé rẹ?" Metodi dá a lóhùn pé, "Ọmọ rẹ ni. Mo ti sọ ọ́." Wọ́n mu rákíyà lé e láti fi dì í. Pande wò mí láti ìkángun tábìlì, mo rò pé mo ti bọ́.

Ní ìparí oṣù kẹjọ, ọjọ́ àjọ̀dún Màríà Mímọ́, wọ́n pè wá sí Kavadarci kí gbogbo ẹbí wá wo ìyàwó tuntun. Ọgọ́rin èèyàn ló wà nínú àgbàlá Metodi. A ti jẹ ọ̀dọ́ àgùntàn tán nígbà tó dìde, tó gbọ́n ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, tó ní òun ní ẹ̀bùn fún ọmọ òun. Ó ṣí aṣọ kúrò lórí nǹkan kan. Míkísà ni. Ó dúdú, ó tuntun, ó gùn tó ìbùsùn, iná pupa àti aláwọ̀ ewé ń tàn lára rẹ̀ bí igi Kérésìmesì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí àwọn olórin ìgbéyàwó ilẹ̀ wa ṣe ń ra míkísà. Wọn kì í wo ẹ̀yìn rẹ̀, níbi tí wáyà ń wọ̀. Wọ́n á mú máìkì, wọ́n á kígbe "Hóó" sínú rẹ̀, wọ́n á sì máa ka iye ìgbà tí gbohùngbohùn dá wọn lóhùn. Èyí tí gbohùngbohùn rẹ̀ bá pẹ́ jù ni wọ́n máa rà. Metodi ti ṣe é ní ṣọ́ọ̀bù, ó sì tún ṣe é níwájú wa. "Hóó," ló wí, àgbàlá náà sì ń wí "Hóó, hóó, hóó" títí àwọn adìyẹ fi sá wọ abẹ́ àjà. Gbogbo ẹbí pàtẹ́wọ́.

Èmi lọ sẹ́yìn rẹ̀. Ihò ìjáde méjì péré ló ní. Míkísà orí pèpéle ni. Ohunkóhun tó bá wọ inú rẹ̀, á dà pọ̀ di méjì, gbohùngbohùn á sì lẹ̀ mọ́ gbogbo rẹ̀. Ó dára fún òde ìgbéyàwó. Fún sítúdíò, kò wúlò fún nǹkan kan.

Mo rẹ ohùn mi sílẹ̀, mo sún mọ́ ọn. "Bàbá, ẹ ṣeun gan-an. Ṣùgbọ́n ti òde eré ni èyí. A ti rí èyí tó bá iṣẹ́ mi mu ní Bitola, èmi àti Pande..."

"Iṣẹ́ ta?" Metodi kò rẹ ohùn tirẹ̀ sílẹ̀. "Pande ló máa jókòó nídìí ẹ̀. Ìwọ, o ó máa gbé kọfí wá fún wa."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Lenka fọwọ́ kan èjìká mi, ohùn rẹ̀ rọ̀ bí òwú. "Ìyàwó mi, má bínú sí i. Àwọn ọkùnrin máa ń mu ọtí ní yàrá ìsàlẹ̀, wọ́n máa ń sọ ìsọkúsọ. Kò yẹ aya ilé kó máa jókòó láàárín wọn. Èmi ò wọ ibẹ̀ rí."

Mo dúró. Mo dúró de Pande. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fojú inú wo bí mo ṣe dúró. N kò retí kó bá bàbá rẹ̀ jà. Ohun tí mo retí ni kó sọ gbólóhùn kan ṣoṣo, irú èyí tó sọ ní Bitola. Ó ń wo bàtà rẹ̀. Nígbà tó gbójú sókè, ó ní, "Ó máa dáa. Tí a bá ṣègbéyàwó tán, a máa rí i."

Mo wá bàbá mi lọ, mo ní kó jẹ́ ká máa lọ. Pande sáré bá wa níbùdókọ̀. Bàbá mi lọ dúró lábẹ́ igi, ó kọ ẹ̀yìn sí wa.

"O mọ̀," ni mo sọ fún un.

"Mo mọ̀."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà tí wọ́n ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Mo rí ẹ̀yìn ẹ̀."

"O ò sì sọ nǹkan kan."

"Bàbá mi ni, Dafina. Mo fẹ́ dójú tì í níwájú gbogbo ẹbí ni?"

"Níwájú gbogbo ẹbí yẹn náà ló ṣe sọ mí di agbékọfí. Ìtìjú mi ò jọ ọ́ lójú?"

Ó ní kí n fún òun ní àkókò. Mo bọ́ òrùka tó fún mi kúrò lọ́wọ́, mo fi sí àpò ẹ̀wù rẹ̀, mo sì gun bọ́ọ̀sì. N kò sunkún títí a fi dé Veles. Nígbà tí mo wá ń sunkún, ìbínú ni. Mo ń bi ara mi pé ṣé mo le jù ni? Ẹ̀rọ lásán ni, àbí? Àwọn obìnrin ń fẹ́ ọkùnrin tó ń lù wọ́n, èmi ń kọ ẹni tó dákẹ́. Ṣùgbọ́n mo mọ bí ìyá rẹ̀ ṣe di ẹni tí kò wọ yàrá ìsàlẹ̀ ilé ara rẹ̀ rí. Ẹnì kan ló dákẹ́ fún òun náà lọ́jọ́ kan.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo lọ sí Bitola fúnra mi. Bàbá Kliment ṣì tọ́jú míkísà náà, ó kàn wo ẹ̀yìn mi pé ẹnì kejì ńkọ́. Mo ní ẹnì kejì ń ronú. Bàbá mi gbé kọ́ńbì rẹ̀ wá, àwa méjèèjì gbé e wọlé. Ó kó gbogbo pákó jáde nínú yàrá tó ń kó wọn sí nílé wa. Ó gbẹ́ tábìlì tí míkísà jókòó lé. Ṣùgbọ́n yàrá náà ń dún, ògiri ń da ohùn padà, mo sì ní a nílò nǹkan tó nípọn tó máa mu ohùn.

Bàbá mi jáde. Nígbà tó padà, ó kó kúbùsù onírun àgùntàn ìyá mi lọ́wọ́, mẹ́sàn-án. Láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ ni ìyá mi ti ń hun wọ́n sílẹ̀ kí n lè kó wọn lọ ilé ọkọ. Ó mú òòlù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kàn wọ́n mọ́ ògiri.

"Bàbá, ẹrù ìyàwó mi nìyẹn."

"Mo mọ̀. Bá mi di ìṣó yẹn mú."

Nígbà tó kan ìkẹsàn-án tán, yàrá náà dákẹ́ pátá. Mo bínú sí Pande lọ́jọ́ yẹn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí pé kò sí níbẹ̀ kó gbọ́ irú ìdákẹ́jẹ́ yẹn.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí Pande tó pè mí lórí fóònù.

"Dafina. Ṣé ọ̀nà kan wà tí èèyàn lè gbà yọ gbohùngbohùn kúrò lára orin tí wọ́n ti gbà sílẹ̀?"

Mo gbọ́ ìtàn náà lẹ́nu rẹ̀. Metodi ti kó ẹgbẹ́ wọ yàrá ìsàlẹ̀, wọ́n fẹ́ ṣe àwo orin ogójì ọdún rẹ̀ lórí iṣẹ́. Wọ́n fi ọjọ́ mẹ́rin gbà á sílẹ̀. Ó fun fèrè bí kò ṣe fun ún rí. Spase mu ife kẹta rẹ̀ lórí orin tó dára jù, ó ṣi ìlù lù nígbà mẹ́ta, kò sì sí bí wọ́n ṣe lè yọ ìlù kí wọ́n má yọ fèrè. Gbohùngbohùn bo gbogbo rẹ̀ bí ẹni ń ṣeré nínú kànga. Metodi ní ẹ̀bi Pande ni, pé kò mọ bọ́tìnnì tẹ̀.

"Iyọ̀ ti wọ ọbẹ̀," mo ní. "Kò ṣeé yọ mọ́."

"Mo rò ó bẹ́ẹ̀."

"Ṣé o sọ fún un pé míkísà ọ̀hún ni kò dáa?"

"N kò tíì sọ."

"Ṣé ó mọ̀ pé o pè mí?"

"Rárá."

Mo gbé fóònù náà kalẹ̀. N kò jù ú, ṣùgbọ́n kì í ṣe pé kò wù mí.

Lọ́sẹ̀ kejì ni Spase wọlé wá, kóòtù lọ́rùn, ojú ń tì í. Ó bá bàbá mi mu kọfí, ó yí fìlà lọ́wọ́. Ó ní Lenka ló rán òun, Metodi kò mọ̀. Pande ti gbé akọ́díọ̀nù sínú àpótí, kò fọwọ́ kàn án mọ́, kì í bá wọn jẹun. Ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n padà, kí n kàn gbà bẹ́ẹ̀ ná.

"Bàbá Spase, ẹ̀yin ni alárinà. Tèmi náà, ṣé ẹ lè jẹ́ ẹ?"

"Kí ni kí n sọ fún wọn?"

"Ẹ sọ fún Metodi pé Ilko ará Veles fẹ́ wá tọrọ ọmọ rẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé. Kó wá máa gbé níbí."

Ife kọfí Spase dúró láàárín tábìlì àti ẹnu rẹ̀. Domazet ni wọ́n ń pe ọkùnrin tó bá kó lọ gbé ilé àna rẹ̀. Èébú ni. Mo ti rí ọkùnrin méjì tí wọ́n ju àga sí ara wọn nílé ọtí nítorí ọ̀rọ̀ yẹn.

"Ọgbọ̀n ọdún," ni Spase wí, "ọgbọ̀n ọdún, ọmọ mi, n kò tọrọ ọkùnrin rí. Metodi máa fi fèrè yẹn fọ́ mi lórí."

"Ẹ ti fi ìlù ba orin rẹ̀ jẹ́ báyìí. Kí ló tún kù?"

Ó wo bàbá mi pé kó gba òun. Bàbá mi fọwọ́ pa irunmú rẹ̀. Ó ní, "Kí la máa mú lọ? Búrẹ́dì àti rákíyà ni wọ́n mú wá síbí. Àwa náà á mú búrẹ́dì àti rákíyà."

Ọjọ́ Sátidé tí a dé Kavadarci, tàtàsé ni wọ́n ń sun ní gbogbo ilé, èéfín rẹ̀ bo àdúgbò. Ìgbà tí wọ́n ń se ajvar ni, ọbẹ̀ tàtàsé tí wọ́n ń tọ́jú de ìgbà òtútù. Lenka jókòó níwájú ààrò nínú àgbàlá, ó ń bó tàtàsé tó ti jóná, ọwọ́ rẹ̀ pupa dé ìgbọ̀nwọ́. Pande ń kó igi sínú iná. Ó ti rù. Nígbà tó rí mi, igi já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Spase gbé búrẹ́dì síwájú Metodi, ó sì kà á jáde bí ẹni ń ka ìwé ní ilé ẹjọ́.

"Metodi, a rí òdòdó kan nílé rẹ, a fẹ́ wá já a."

Metodi wo búrẹ́dì náà. Ó wo Spase. Ó wo bàbá mi, tó wọ ẹ̀wù tó wọ̀ sin ìyá mi. "Ẹ̀ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ilé mi?"

"Rárá," bàbá mi ní. "O fẹnu ara rẹ sọ fún mi pé ọmọ mi ló máa jókòó nídìí ẹ̀rọ. A mu rákíyà lé e. Níwọ̀n bí kò ti ṣeé ṣe nílé tìrẹ, ó ti ṣeé ṣe nílé tèmi. Yàrá wà. A kò bá ọ jà."

"Ọmọkùnrin kan ṣoṣo ni mo ní. Kó lọ di domazet?" Ó yí sí mi. "Ìwọ ọmọ yìí, nítorí míkísà?"

"Nítorí pé ẹ ṣèlérí, ẹ yẹ̀ ẹ́, ẹ sì fi mí rẹ́rìn-ín," ni mo dá a lóhùn. "Ṣùgbọ́n ẹ̀yin kọ́ ni mo wá bá. N kò bínú sí yín tó bí mo ṣe ń bínú sí ẹni tó wà nídìí iná yẹn."

Lenka dáwọ́ tàtàsé bíbó dúró. Metodi rẹ́rìn-ín ẹ̀gàn, ó ní, "Ó dáa. Pande, dá wọn lóhùn. Sọ fún wọn kí wọ́n gbé búrẹ́dì wọn."

Pande dákẹ́. Mo wò ó bó ṣe dákẹ́. Tàtàsé kan bẹ́ lórí iná. Mo ti ń sọ fún ara mi pé ó parí, mo ti ń ro bí mo ṣe máa gbé orí sókè rìn jáde nínú àgbàlá yẹn.

"Bàbá," ló wí. "Míkísà tẹ́ ẹ rà yẹn, kì í ṣe pé n kò mọ̀ ọ́n tẹ̀. Kò dáa fún iṣẹ́ tí a fẹ́ fi ṣe. Mo mọ̀ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ gbé e dé. Dafina sọ òtítọ́ fún yín, ẹ fi ṣẹ̀rín, mo sì wo bàtà mi. Orin ogójì ọdún yín bàjẹ́ nítorí pé mo dákẹ́. Èmi ni mo bà á jẹ́, kì í ṣe Spase."

"Olúwa ṣeun," Spase wí lábẹ́lẹ̀.

"Pande," Metodi pè é.

"Mo ń bá wọn lọ, Bàbá. Tí wọ́n bá pè mí ní domazet, kí wọ́n pè mí."

Lenka bú sẹ́kún, ó fi ọwọ́ rẹ̀ tó kún fún tàtàsé nujú. Metodi wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn. Pande wá dúró síwájú mi, ojú rẹ̀ kún fún èéfín, ó ń retí kí n ṣí apá. N kò ṣí i.

"Oṣù méjì," ni mo sọ fún un níwájú ìyá rẹ̀. "Oṣù méjì gbáko ló gbà ọ́. N kò ní jẹ́ kí ìyẹn mọ́ mi lára."

"Má jẹ́ kó mọ́ ẹ lára," ló wí.

A ṣègbéyàwó lẹ́yìn Kérésìmesì. Lenka wá, ó jókòó ti bàbá mi, ó jó lẹ́ẹ̀mejì. Metodi kò wá. Ẹgbẹ́ mìíràn ló ṣeré fún wa, ohùn wọn burú, èmi ni mo sì dìde nínú aṣọ ìyàwó lọ tún un ṣe.

Oṣù kẹta ni kọ́ńbì ẹgbẹ́ wọn dúró níwájú ilé wa. Spase kọ́kọ́ sọ̀, ó ní òun ò tíì mu nǹkan kan láti àárọ̀. Metodi sọ̀ tẹ̀ lé e, àpótí fèrè lábẹ́ apá. Ó kí bàbá mi, ó kí Pande. Kò kí mi. Ó wọ yàrá, ó wo àwọn kúbùsù lára ògiri yíká, ó sì lọ dúró síwájú máìkì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi fèrè kàn án lẹ́nu bí wọ́n ṣe máa ń ṣe lóde ìgbéyàwó.

Mo jókòó nídìí míkísà. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún sẹ́yìn ní ìṣísẹ̀ méjì."

Kò dá mi lóhùn. Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀, ó ní, "Pande, ṣé ibi tí mo dúró sí yìí dáa?"

Ọwọ́ mi wà lórí bọ́tìnnì. Mo ti mọ bí ìdákẹ́jẹ́ Pande ṣe máa ń gùn tó. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ kò tíì sọ ọ́ tán tó fi fèsì, láìgbé ojú kúrò lára akọ́díọ̀nù rẹ̀.

"Òun ló ń bá yín sọ̀rọ̀, Bàbá."

Metodi sún sẹ́yìn ní ìṣísẹ̀ méjì. Mo ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀.